Ẹ̀ẹ̀rùn Olóde: bí àwọn àgbà wa ṣe ń bá àsìkò rìn nítorí ilẹ̀gbóná

    Ó lè ya yín lẹ́nu pé inú òjò ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Ó nídìí. Ẹ ó gbọ́ ọ kí n tó dákẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo lọ sí Ìsẹ́yìn láti gba ohùn àwọn tó ń hun aṣọ òfì sílẹ̀ fún ètò mìíràn. Ilé ìyá tó bí màmá mi ni mo dé sí. Nígbà tí agogo méjìlá ọ̀sán ku díẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi kọ́ èjìká, ó di ẹnu ọ̀nà.

Màmá ní, "Níbo nìyẹn?"

Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ. Mi ò ní í pẹ́."

"Ní irú oòrùn yìí? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́sàn-án gangan? Jókòó, jàre. Olóde ló ń rìn báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, Olóde mà ti kú. Wọ́n ti lé e kúrò láyé kí wọ́n tó bí mi."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, níbi tí àwọn ihò kéékèèké wà bí ìgbà tí òjò bá kán sórí iyẹ̀pẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí àwọn àpá náà, mi ò bi wọ́n rí. Wọ́n ní, "Ó kú? Ta ló sin ín?"

Mo jókòó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ní agogo mẹ́rin, wọ́n ní àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán ni. Ìbéèrè Màmá ni mo gbé padà sí Ìbàdàn, òun ló sì bí ètò òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Àrùn tí Màmá ní lọ́mọdé ni àwọn òyìnbó ń pè ní smallpox. Orúkọ òrìṣà tó ni ín ni Ṣọ̀npọ̀nná, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá ti tọ́ ọmọ dáadáa, wọn kì í dárúkọ yẹn ní gbangba, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á ní Olóde. Wọ́n á ní Ọbalúayé. Wọ́n á ní Alápadúpẹ́, ẹni tó pa ni tí a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí àrùn yìí bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀. Àwọn ẹbí á fara mọ́ ọn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba, kí inú má baà bí i kó tún mú ẹlòmíràn. Ẹ rò ó wò, kí ìyá pàdánù ọmọ, kó sì máa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ilẹ̀gbóná. Ilẹ̀ ló gbóná. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, mo rò pé wọ́n kàn fi ń bo àṣírí orúkọ gidi ni. Àfi ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àgbàlá Màmá ní agogo méjìlá ọ̀sán nínú oṣù kejì. Orúkọ àsìkò ni. Àwọn tó sọ àrùn náà lórúkọ ti rí i pé ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tó gbóná, ló máa ń dé. Wọ́n sì fi àkókò tó ń jà pe àrùn náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ìgbà yẹn? Màmá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní agbo ilé wọn. Bí àrọ̀kúrò òjò bá ti lọ tí ọyẹ́ sì wọlé, ìwà á yí padà. Kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tó bá le. Bí oòrùn bá ti dé àárín orí, oníkálukú á wọ ìbòòji lọ. Wọn kì í lù ìlù lọ́sàn-án. Wọn kì í wọ aṣọ pupa jáde. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ súfèé kiri àdúgbò. Oúnjẹ tútù ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ tútù tí wọ́n fi omi pò, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Omi ìkòkò, èyí tó wà nínú àmù tó tutù nini. Òrí ni wọ́n fi ń para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí awọ ara má baà sán.

Bí ara ẹnì kan bá wá gbóná, tí nǹkan sì sú sí i lára, wọ́n á gbé e kúrò láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Màmá ní ahéré kan lẹ́yìn odi ni wọ́n gbé òun lọ, nígbà tí òun jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti la àrùn náà kọjá ló ń tọ́jú òun. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọlé. Màrìwò ni wọ́n fi di ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá sì ti rí màrìwò yẹn á yà sí ọ̀nà mìíràn. Mo ní kí wọ́n tún èyí sọ fún mi: ẹni tó ti ní in rí nìkan ló ń wọlé? Wọ́n ní, "Ta tún ni kó wọlé? Olóde kì í mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì." Bẹ́ẹ̀ náà sì ni, ẹni tí ilẹ̀gbóná bá mú tí kò pa, ara rẹ̀ ti gbọ́n sí i nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní yunifásítì.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ fún yín pé súfèé ló ń fa àrùn. Mo kàn fẹ́ kí a wo ibi tí àwọn èèwọ̀ náà kó ara jọ sí. Ohun tó ń kó èrò jọ ni ìlù. Bí a bá lù ú ní gbangba, ojúde á kún. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an sì ni ọwọ́ máa ń dilẹ̀: wọ́n ti kórè, ọ̀nà gbẹ, odò ṣeé là kọjá, àwọn ènìyàn á kúrò lábà wá sílé, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á ṣe òkú àgbà, wọ́n á ná ọjà tó jìnnà. Nígbà òjò, oníkálukú wà lóko rẹ̀, abà sí abà, ẹni mẹ́ta níhìn-ín, ẹni márùn-ún lọ́hùn-ún. Èémí àti ìfarakanra ni ilẹ̀gbóná fi ń ràn láti ara ẹnì kan sí òmíràn, ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí ló ti ń rí ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì gbẹ ju inú ooru tó ní ọ̀rinrin lọ. Ọyẹ́ bá a lára mu, ìrìn àjò wa náà sì bá a lára mu.

Ó wá dùn mọ́ mi láti rí ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ nípa ọyẹ́ kan náà yìí. Àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba wọn tó gbé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ń pe ọyẹ́ ní "Dókítà". Inú wọn máa ń dùn tó bá dé. Ooru tó ń bá wọn jà á lọ, ibà á dínkù, aṣọ wọn á gbẹ, wọ́n á lè sùn. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, ẹ̀fọn sì nílò omi tó dúró. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ̀fọn á dínkù, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa.

Ní ọdún 1781, dókítà kan ní Liverpool tó ń jẹ́ Matthew Dobson, òun náà ló fi hàn pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ alátọ̀gbẹ, kọ ìwé kan nípa ọyẹ́ ránṣẹ́ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Dobson fúnra rẹ̀ kò fojú rí ọyẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un, Robert Norris, oníṣòwò ẹrú tó ti gbé ní etíkun Dàhómì. Norris ṣàpèjúwe ọyẹ́ dáadáa, mi ò ní í gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ìkùukùu tó ń bo oòrùn, ewé tó ń gbẹ, pákó tó ń là, ètè àti imú tó ń sán. Ó tún wá sọ pé afẹ́fẹ́ yìí dára fún ara, ó ń wo ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn sàn, kódà ó ń dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró. Ó mú àpẹẹrẹ wá. Ibẹ̀ ni mo ti dá ìwé náà dúró fún ìgbà díẹ̀, tí mo bọ́ sí ìta.

Àpẹẹrẹ náà ni ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Unity. Orúkọ yẹn, ìṣọ̀kan. Ọdún 1770 ni, ọkọ̀ náà wà ní Ouidah, ìlú etíkun tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó sì ti kó ẹrú tó lé ní 300. Ilẹ̀gbóná bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn tó ni ọkọ̀ pinnu láti sín wọn ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n fi díẹ̀ lára àrùn náà sí ojú gbẹ́rẹ́ kí ara lè kọ́ bí yóò ṣe bá a jà. Àwọn tí wọ́n sín kí ọyẹ́ tó dé, àrùn náà mú wọn díẹ̀, ó lọ. Nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sín bí 70 mìíràn. Ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Wọ́n bá rò pé ọyẹ́ ti lé àrùn kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí àwọn 70 náà lára. Wọ́n tún sín bí 50 nínú wọn lẹ́ẹ̀kejì, àwọn yòókù sì ní in bó ṣe ń wá fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ tún fẹ́, Norris sọ, gbogbo wọn sì yè, àfi ọmọdébìnrin kan. Ojú gbẹ́rẹ́ rẹ̀ di egbò burúkú, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ dì pa, ó sì kú.

Norris kò kọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ dára ni ọmọ yẹn jẹ́, ẹyọ kan tó bọ́ kúrò nínú ìṣirò. Àwọn tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ouidah lọ́dún 1770, èdè tí wọ́n ń sọ lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tó wà láti Dàhómì wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Fọ̀n ń pe òrìṣà yìí ní Sakpata, àwa ń pè é ní Ọbalúayé. Mo rò pé bí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn 300 náà léèrè bóyá ọyẹ́ ń lé ilẹ̀gbóná lọ, kò sí ẹni tí kò ní í mọ̀ pé òdì ni. Ilẹ̀gbóná máa ń sá pamọ́ sára fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọ síta. Ohun tí wọ́n pè ní ìwòsàn ọyẹ́ nínú ọkọ̀ Unity, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ṣáájú ìjì lásán.

Òrìṣà náà bá àwọn ọkọ̀ yẹn la òkun kọjá. Ní Cuba, Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, ọjọ́ San Lázaro, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rin ìrìn àjò lọ sí El Rincón nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn ń rákò lórí eékún. Ní Bahia ní Brazil, Omolu tàbí Obaluaiê ni, oṣù kẹjọ sì ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ tí wọ́n ń fi gúgúrú bọ ọ́, nítorí pé oṣù kẹjọ ni àwọn Kátólíìkì ń ṣe ọjọ́ São Roque. Mo ronú lórí èyí títí. Òrìṣà náà dé ọ̀hún, orúkọ rẹ̀ dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tó bí i kò lè wọkọ̀. Kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ apá tí kò dùn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi òróró pa ìtàn lórí. Àwọn àwòrò Ṣọ̀npọ̀nná ní agbára púpọ̀. Àwọn ló ń sin ẹni tí àrùn pa, àwọn ló sì ń kó ẹrù òkú. Ẹni tó bá lè jogún gbogbo ẹni tí àrùn kan bá pa, ìdí wà fún un láti má fẹ́ kí àrùn náà tán. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sàró, tó kàwé ìṣègùn gboyè ní Scotland kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, fura sí wọn. Kò jókòó sí ọ́fíìsì máa kọ̀wé. Ó lọ wọ ẹgbẹ́ náà, ó di ọ̀kan nínú wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ìròyìn tó mú jáde ni pé àwọn kan ń ha èèpá ara aláìsàn pa mọ́, wọ́n sì ń fi ran ẹni tí wọ́n bá ń bá ṣọ̀tá. Ìròyìn yìí ni ìjọba amúnisìn dì mú nígbà tí wọ́n fi òfin de ìbọ Ṣọ̀npọ̀nná ní 1907.

Òfin kò pa àrùn. Ìbọ náà kàn wọ inú ilé lọ ni. Ohun tó sì wù mí nínú ìgbésí ayé Sàpárà ni pé òun kan náà tó tú àṣírí àwọn àwòrò kò kọ ẹ̀yìn sí egbòogi Yorùbá. Ó ń wádìí ewé àti egbò, ó ń lò ó. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmọ̀ àti ẹni tó fi ìmọ̀ pa owó.

Títí di ọdún 1966, ilẹ̀gbóná ṣì ń bọ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Bupá, abẹ́rẹ́ apá tó ń dènà rẹ̀, ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ooru sì máa ń ba oògùn náà jẹ́ kó tó dé abúlé, títí tí wọ́n fi rí ọ̀nà láti ṣe èyí tó gbẹ bí ìyẹ̀fun. Èrò gbogbo ayé ni pé àfi bí a bá fún gbogbo ènìyàn pátá ní abẹ́rẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, inú ẹ̀ẹ̀rùn, ìròyìn ilẹ̀gbóná dé ọ̀dọ̀ dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ògójà ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà. William Foege lorúkọ rẹ̀. Oògùn ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Àwọn míṣọ́nnárì tó wà káàkiri agbègbè náà ní rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́, Foege bá ní kí wọ́n pín abúlé láàárín ara wọn, kí wọ́n rán ènìyàn lọ wo ibi tí àrùn náà wà gan-an. Ibi tí wọ́n bá rí i ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́, àti àyíká rẹ̀, àti ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ń ná ọjà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Foege ti bá wọn pa iná igbó ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń pa iná igbó kì í bu omi sí gbogbo igi. Ibi tí iná ń gbà kọjá ló ń gé. Ó ṣiṣẹ́. Àrùn náà kú ní agbègbè náà láìjẹ́ pé gbogbo ènìyàn gba abẹ́rẹ́. Láìpẹ́ ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá tó kàn yìí ni mo ń tìtorí rẹ̀ sọ gbogbo èyí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpapọ̀ ní 1967, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ka iye aláìsàn rí nǹkan kan nínú àtẹ wọn. Láti nǹkan bí oṣù kejìlá, iye náà á máa gòkè, ó máa ń dé téńté ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà òjò á dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà wa, á kéré débi pé ènìyàn lè ka abúlé tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ronú sí i: bí iná bá ti kéré tó báyìí, kí ló dé tí a fi ń dúró dìgbà tó bá tún ràn? Ní 1968, wọ́n pinnu láti fi agbára wọn sí àkókò tí àrùn náà bá rẹ̀ jù, kí wọ́n wá gbogbo ibi tó sá pamọ́ sí nínú òjò, kí wọ́n pa á níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé tún un jí.

Ó le, ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn. Ọ̀nà kò dára nígbà òjò, mọ́tò ń rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti fọ́n ká sí abà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpolongo abẹ́rẹ́ fi máa ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n yí i padà. Ọdún 5 ni wọ́n dá fún iṣẹ́ náà. Kò gba ọdún mẹ́rin. Oṣù karùn-ún 1970 ni ẹni ìkẹyìn ní ilẹ̀gbóná ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Mo ka àtẹ yẹn fún Màmá lórí fóònù, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: pé àwọn dókítà rí i pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀, òjò ló ń dínkù. Ìdákẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọdún wo ni wọ́n rí i?"

Mo ní, "Bí i 1967, 1968, Màmá."

Wọ́n ní, "Wọ́n kú iṣẹ́."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn wọ́n ni tàbí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn méjèèjì kò jókòó papọ̀. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba gbọ́ "Olóde ń rìn lẹ́ẹ̀rùn", wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà, wọ́n fòfin dè é. Àwọn tiwa náà gbọ́ "ẹ wá gba bupá", àwọn mìíràn kà á sí àfojúdi sí Olóde, wọ́n sá wọ igbó. Bí ẹnì kan bá ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ìgbà wo ni kì í rìn?, bóyá ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà kan ní Ìsẹ́yìn kò bá má dé ahéré ẹlẹ́mariwò.

Ẹnì kan lè sọ pé ilẹ̀gbóná ti lọ, kí ni a tún ń bá ẹ̀ẹ̀rùn fà? Ẹ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kìíní 1969, nígbà tí àwọn tó ń lé ilẹ̀gbóná ti ń sún mọ́ ìparí iṣẹ́ wọn, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, dùbúlẹ̀ àìsàn ní Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Ibà Lassa nìyẹn. Oṣù kìíní, inú ọyẹ́. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ló sì máa ń wà níwájú nínú ìpínlẹ̀ tó ń rí i. Eku ló ń gbé e, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà wo ni à ń sun igbó tí eku fi ń sá wọlé? Ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà wo ni à ń sá gààrí, èlùbọ́ àti àgbàdo sí etí títì, sórí àpáta, sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà. A ti gbàgbé èèwọ̀ àtijọ́, a ò sì tíì ṣe tuntun tó lágbára tó o. Kò sí ọmọdé tí wọ́n ń lé wọlé lónìí nítorí pé ó fi abọ́ gààrí sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Àfi ilé Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, gbogbo gààrí á wọ inú ike onídèérí, èlùbọ́ kì í kan ilẹ̀, orí tẹ́ńbẹ́lú ni wọ́n ń sá a sí, ẹnì kan á sì jókòó tì í. Bí mo bá gbàgbé láti dé ike, ohùn tí wọ́n fi ń pè mí ni ohùn tí wọ́n fi sọ pé kí n má jáde lọ́sàn-án. Wọn ò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò nínú èkejì.

Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ ìdí tí ètò yìí fi bọ́ sínú òjò. Ní oṣù kejì yẹn, lálẹ́, mo bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sọ bí àrùn náà ṣe mú wọn, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní rárá. Mo bẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni n ó jókòó máa pe ẹni náà? Jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Mo padà lọ ní oṣù kẹfà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ ní àgbàlá. Wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ mi wá, wọ́n sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ náà pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò yìí, ariwo tó wà lẹ́yìn ohùn wọn, tí ọ̀gá tó ń bá wa tún ohùn ṣe fẹ́ yọ kúrò, òjò orí páànù ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀.